Sólà tó ṣe é ká, 100W ni wọ́n kọ sí i, 18W ló ń gbé wọlé: ohun tó bá mi tún un ṣe

Sólà mi abala mẹ́rin ló ní, oòrùn ọ̀sán gangan ló wà níta o, síbẹ̀ iná tó ń wọ bátìrì ò ju 18W lọ, ìgbà míì á tún já sí 9W.

Mo pààrọ̀ wáyà, kò yàtọ̀. Mo fi aṣọ tútù nu ojú ẹ̀, mo pa bátìrì mo tún tàn án, pàbó.

Ìgbà tí mo wá tẹjú mọ́ ọn dáadáa ni mo rí òjìji okùn àgọ́ kan, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tó dábùú abala kan ṣoṣo. Àṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tó ń sọ oòrùn di iná, so kọ́ra wọn ni, iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, tí òjìji bá bo ọ̀kan á dí àwọn tó kù lọ́wọ́. Mo gbé sólà náà kúrò níbẹ̀, ó fò sókè sí 50W lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀!

Èyí tó wá parí ẹ̀ ni bó ṣe kọjú sí oòrùn. Mo gbé báírò nàró sójú sólà náà, mo wá ń yí sólà ọ̀hún díẹ̀díẹ̀ títí òjìji báírò yẹn fi pòórá, ló bá di 74W. Oòrùn ń rìn ṣá, torí náà mo máa ń tún un yí láti ìgbà dé ìgbà. Bátìrì ní tiẹ̀, ibòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ooru ò dáa fún un.

Ẹ má retí 100W pé o. Tí sẹ́ẹ̀lì tiyín bá ti fọ́ ńkọ́, mi ò lè sọ pé èyí á ṣiṣẹ́.