Àdògán Èédú: Bí A Ṣe Ń Dáná Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Láti ìgbà tí owó gáàsì ti lọ sókè, ọ̀pọ̀ ilé tó ti gbàgbé àdògán ló ti padà sídìí rẹ̀. Ẹlòmíràn ń pè é ní kóòlùpọ́ọ̀tù, ẹlòmíràn ń pè é ní sítóòfù eléèédú. Iná rẹ̀ dára, kì í ṣe ségesège, ó sì bá ẹ̀wà àti ẹran tó yi lára mu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ yé onílé kó tó ṣáná sí i. Nígbà tí èéfín bá ti dá, tí èédú sì pọ́n yòò, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ewu ti tán, tí wọ́n á sì gbé e wọ yàrá. Ewu kò tíì tán rárá.

Èédú tí ẹ máa rà

Ẹ má fi ojú nìkan ra èédú. Ẹ mú ègé méjì, kí ẹ fi ọ̀kan lu èkejì. Èyí tó jinná dáadáa máa ń dún bí irin. Èyí tí kò jinná kì í dún, àárín rẹ̀ ṣì pọ́n bí igi, òun ló sì ń rú èéfín tí ojú fi ń ṣomi. Púpọ̀ nínú èédú tí à ń rà ń ti Òkè-Ògùn wá, láti agbègbè Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ìgbẹ́tì. Èédú igi àyin wúwo, ó sì ń pẹ́ nínú iná. Ti igi fúyẹ́fúyẹ́ kì í pẹ́ di eérú. Ó ń dùn mí pé wọ́n tún ń gé igi ẹ̀mí àti igi irúgbá sun, igi tí òrí àti irú ti ń wá, tí àwọn ìyá wa fi ń jẹun. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń sun èédú, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó dá ìwọ̀nyẹn sí.

Ẹ gbé àpò èédú lé orí pákó níbi tí òjò kò ti lè dé, torí èédú tó bá gba omi kì í tètè mú iná.

Bí a ṣe ń dá a

Ẹ kọ́kọ́ kó eérú àná kúrò. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ iná títí apá fi ń ro ó, tó ń bú oníèédú, bẹ́ẹ̀ eérú ló dí ihò ìdí àdògán pa, afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà wọlé.

Ìta ni kí ẹ gbé àdògán sí, tàbí abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, kí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ìhá ẹyìn gbígbẹ tàbí ìṣẹ́pẹ́ igi sáàárín, kí ẹ to èédú wẹ́wẹ́ yí i ká lórí ara wọn, kó má há jù. Ẹ ṣáná sí ìhá náà. Ìgbà tí wẹ́wẹ́ bá ti mú iná ni kí ẹ to ńláńlá lé e. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ láti òkè, eérú ni ẹ máa bù sójú. Ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ojú èédú á funfun bí ẹni fi ìyẹ̀fun kùn ún, abẹ́ rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ gbé ìkòkò kaná.

Ẹ má ṣe da bẹntiróòlù sí i láéláé. Bí iná bá ń kú lọ, ẹ má da kẹrosíìnì lé e lórí, torí ooru rẹ̀ lè gbiná lójijì kó jó yín lójú. Ẹ yé fi láílọ́ọ̀nù ṣáná pẹ̀lú. Èéfín rẹ̀ lóró.

Ewu tí kò rùn

Afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára èédú tó ń jó, carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò rùn, kì í ta ojú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì ní jẹ́ kí ọ́síjìn ráyè dé ọpọlọ àti ọkàn. Ó le jù fún ọmọ inú oyún.

Ní ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ ìdí ẹ̀wà. Mo gbé àdògán wọ ilé ìdáná, mo ti fèrèsé. Kò tó wákàtí kan tí orí fi ń fọ́ mi, tí ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n. Mo ní ebi ni. Àfìgbà tí ọmọ mi tó jókòó tì mí sọ pé èébì ń gbé òun ni mo tó fà á jáde síta. Ká ní oorun ti gbé wa lọ ńkọ́?

Nítorí náà, bí ọyẹ́ ti wù kó mú tó, ẹ má gbé àdògán wọ yàrá tí èèyàn ń sùn. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ kó gbogbo wọn síta kíákíá, kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìdí èédú ni wọ́n wà. Epo pupa tí a bá fún wọn mu kò lè yọ afẹ́fẹ́ náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Pípa iná àti ìtọ́jú

A máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ti èédú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fi eérú bojú kó má tíì kú, kó ṣì máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú kó èyí tó ṣẹ́ kù sínú agolo onírin, ẹ dé e pinpin, kí ẹ fi í sílẹ̀ níta. Á kú fúnra rẹ̀, ẹ ó sì tún un lò lọ́la. Ẹ má da omi sí àdògán tó gbóná: amọ̀ á sán, irin á sì dípẹtà.

Bí àdògán bá jẹ́ tuntun, iná kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sínú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí amọ̀ inú rẹ̀ bá sán, ẹ po amọ̀ mọ́ eérú díẹ̀, ẹ fi dí i, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún dáná. Ní ti eérú, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kó tó kúrò nínú ohun onírin tó wà. Bí ó bá ti tutù pátápátá, ẹ lè wọ́n díẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé.