Bí mo ṣe ń kó ìwé àti fíìmù ogun jọ n'Ílọrin, ní méjì méjì

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kó ìwé ogun jọ. Tẹ́ ẹ bá rí mi ní Tanke lásìkò táwọn ọmọ Yunifásítì ń kẹ́rù lọ sílé, tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń tú ìwé àlòkù, ẹ má rò pé owó ló bọ́ lọ́wọ́ mi o.

Àríyànjiyàn ló fà á. Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Ṣàǹgo, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Sójà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo ń ṣàlàyé ogun Biafra fún wọn bí ẹni pé mo gbé ìbọn ńbẹ̀, torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka My Command tí Ọbásanjọ́ kọ tán ni. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tí wọ́n jọ jà ńkọ́, kí lòun wí? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Mi ò lésì. Ìgbà tí mo wádìí lọ ni mo rí i pé Madiebo tó jẹ́ olórí ọmọ ogun Biafra kọ tiẹ̀ náà, ọdún kan náà ni méjèèjì sì jáde, 1980. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1967 tó parí ní January 1970 yẹn náà ni o, àmọ́ tó o bá kà wọ́n tẹ̀léra wàá rò pé ogun méjì ni. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti ra ti ẹni tó borí, màá wá ti ẹni tí wọ́n borí ẹ̀.

Tilé wa ló wá le jù. O ò lè kó ìwé ogun Yorùbá jọ kó o má ní The History of the Yorubas ti Samuel Johnson, ibẹ̀ ni ogun Jálumi ti 1878 wà, níbi tí Ìbàdàn ti lé àwọn èèyàn wa títí wọ́n fi ń kó sódò Ọ̀tìn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin ni mí jàre, ojú Ọ̀yọ́ lọkùnrin yẹn fi ń wo gbogbo ẹ̀. Ìtàn Ìlọrin tí Alfa Ahmad ọmọ Kòkòrò fi Lárúbáwá kọ ní 1912 ni mo fi ṣèkejì ẹ̀. Alfa kan lágboolé wa ló bá mi rí fọ́tókọ́pì, àwọn náà ló ń kà á fún mi díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, torí kéú tèmi ò dé ibẹ̀.

Fíìmù kọ́kọ́ jẹ mí lówó. Síídì tí mo rà ní Post Office, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé fíìmù ogun 20 ló wà nínú ẹ̀, mo délé, mẹ́ta ló ṣí, kung fu sì ni ọ̀kan níbẹ̀. Hard disk ni mò ń lò báyìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni méjì tí Clint Eastwood ṣe ní 2006 lórí ìjà Iwo Jima, erékùṣù Japan kan, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní 1945, ọ̀kan láti ojú àwọn Amẹ́ríkà, èkejì láti ojú àwọn Japan. Àṣé òun náà mọ Bàbá Sójà.

Ikán wá jẹ mí níyà. Inú páálí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo kó ìwé sí, òjò rọ̀ títí lọ́dún yẹn, ọjọ́ tí mo gbé páálí báyìí, ìdí ẹ̀ já, ìwé 17 ti di iyẹ̀pẹ̀! Ohun tí mo fi tu ara mi nínú ni pé Johnson alára, èyí tó kọ́kọ́ kọ tó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó sọnù ráúráú, òun gan-an ti kú kí àbúrò ẹ̀ tó tún un tò látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, 1921 ló tó jáde. Mo bá ní kí wẹ́dà ṣe sẹ́ẹ̀fù onírin fún mi, mo ki ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo mílíìkì tí mo rọ ọ́ìlì dúdú táwọn mẹkáníìkì ti lò sí, mi ò sì jẹ́ kó kan ògiri. Kò sí ikán tó gun ibẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá yá ìwé, mo ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé 40 leaves kan. Orúkọ tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ báyìí, Bàbá Sójà ni, wọ́n ti gbé Madiebo lọ látìgbà ààwẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ béèrè. Ọbásanjọ́ nìkan ló dá dúró lórí sẹ́ẹ̀fù.