Bí mo ṣe yọ àwọ̀ pupa tó ràn mọ́ aṣọ ìbora alábulẹ̀ mi

Òwú pupa ni mo fi ṣe òdòdó sára àwọn ègé aṣọ funfun, kí n tó rán wọn pọ̀. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ báyìí, pupa ràn mọ́ funfun! Iyọ̀ àti fínígà (gbogbo ayé ló ń sọ ọ́) kò tu irun kan lára rẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Ẹ bu omi gbígbóná kún ọpọ́n ńlá, ẹ da ọṣẹ olómi ìfọbọ́ sí i, kí ẹ rẹ ẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 12. Gbogbo rẹ̀ ni kó rì o. Ibi tó bá léfòó ni àwọ̀ máa ń dúró sí. Bí omi bá pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún un rẹ títí yóò fi mọ́.

Kọ́tìn ni tèmi. Bó bá jẹ́ sílíìkì, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà.