Bí Àwọn Tó Ń Gba Ìtọ́jú Ọpọlọ Ṣe Lè Tako Ọwọ́ Ọlọ́pàá Nínú Ìtọ́jú Wọn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ètò SIM, ìyẹn Serenity Integrated Mentoring, bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Isle of Wight, ó sì tàn dé nǹkan bí 23 nínú àwọn trust ìlera ọpọlọ, ìyẹn àwọn àjọ tó ń ṣètò ìtọ́jú ọpọlọ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà mú ọlọ́pàá wọ àárín àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí ìdààmú ọkàn ń mú pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, léraléra, tàbí tí wọ́n máa ń dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ara wọn léṣe. Ọlọ́pàá náà lè ka ìwé ìtọ́jú wọn láìgba ìyọ̀ǹda wọn, ó máa ń bá nọ́ọ̀sì kọ ètò bí wọn yóò ṣe dá wọn lóhùn, ó sì lè fi ilé ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá tún pè. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú fúnra wọn ló gbógun tì í. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ StopSIM jáde, àwọn tó ju 60,000 lọ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú wọn. Kò pẹ́ tí NHS England fi ní kí trust kọ̀ọ̀kan yẹ ohun tó ń ṣe wò, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2023, Tim Kendall, olórí àwọn oníṣègùn fún ìlera ọpọlọ ní NHS England, kọ̀wé sí gbogbo trust pé kí wọ́n fòpin sí SIM àti ohunkóhun tó bá jọ ọ́.

Lẹ́tà yẹn ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ tako irú ètò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ kà, nítorí pé ó ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ tí kò gbọdọ̀ wáyé mọ́: kí ọlọ́pàá máa kópa nínú ìtọ́jú tí kì í ṣe ti pàjáwìrì, kí wọ́n máa fi ìjìyà tàbí àìtọ́jú bá aláìsàn wí, àti kí wọ́n máa fojú burúkú wo ẹni tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe tàbí tó ń ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ má ṣe da ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ agbára tí abala 136 nínú Òfin Ìlera Ọpọlọ ti ọdún 1983 fún ọlọ́pàá láti gbé ẹni tí ìdààmú bá níta lọ síbi ààbò. A lè ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni, bí ẹ bá sì kó méjèèjì pọ̀, àwọn aláṣẹ yóò fi ọ̀rọ̀ pàjáwìrì dá yín lóhùn, wọn yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ láìfèsì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìwé. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fura pé ọlọ́pàá ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú òun ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ tó jẹ mọ́ òun, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì fún un láàárín oṣù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fi oṣù méjì kún un bí iṣẹ́ náà bá díjú. Ẹ kọ ìwé náà sí trust, kí ẹ sì kọ òmíràn sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ohun tí ẹnì kan pa mọ́ lè wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kàn fún yín ní fáìlì yín, ohun tó rọrùn fún wọn nìkan ni wọn yóò fi ránṣẹ́. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń wá: ètò ìdáhùn tí wọ́n kọ nípa yín, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ yín, ímeèlì tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀, àdéhùn tí wọ́n fi ń pín ọ̀rọ̀ yín láàárín ara wọn, àti orúkọ gbogbo àwọn tó ti ṣí ìwé ìtọ́jú yín wò lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi dúdú bo ibì kan, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Bí ìdí náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ́fíìsì Information Commissioner, tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ aráàlú lórí àkọsílẹ̀, ni ẹ ó gbé e lọ. Kíka irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń dun ni gan-an, nítorí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹni kì í jọ ohun tí wọ́n ń sọ lójú ẹni, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan kà á.

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ lápapọ̀ lè béèrè wà lábẹ́ òfin ọdún 2000 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìjọba, ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ẹ béèrè bóyá ọlọ́pàá kankan ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, irú àdéhùn tó gbé e débẹ̀, àti bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò ewu tó wà nínú pípín àkọsílẹ̀ aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìbéèrè náà ṣe ṣókí, nítorí pé wọ́n lè kọ̀ bí ìdáhùn rẹ̀ yóò bá gbà ju wákàtí 18 lọ. Òfin yìí ń fẹ́ orúkọ gidi, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò gba ìtọ́jú ní trust náà fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe asán: ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn náà ló ń kọ oògùn fún yín. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí gbogbo ìwé jáde lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá sọ ìtàn ara rẹ̀ sì lè gbà á padà nígbàkigbà láìṣàlàyé. Ẹ fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni méjì, nítorí ara lè kọ̀ fún ẹnì kan lọ́jọ́ tí ìdáhùn dé. Ẹ má sì ṣe ṣàpèjúwe ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi ṣe ara rẹ̀ léṣe nínú ìwé tó ń lọ síta. Ní ti àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n di agbẹnusọ yín. Bí inú wọn ti dára tó náà ni ó máa ń yá wọn lára láti sọ̀rọ̀ dípò ẹni.

Ẹ̀sùn lórí ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ trust láàárín oṣù 12. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ó kan ọ́fíìsì ombudsman fún ìlera, tó ń yẹ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wò láìgbè sẹ́yìn trust. Ìwà ọlọ́pàá ní ọ̀nà tirẹ̀, láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ títí dé IOPC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá. Bí ẹ bá ń ro pé kí adájọ́ yẹ ìpinnu trust wò, ẹ tètè lọ bá agbẹjọ́rò, nítorí pé oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún yín.

Bí ó bá jẹ́ pé inú wọ́ọ̀dù ni ọlọ́pàá wá, Òfin Seni wà. Olaseni Lewis jẹ́ ọmọ ọdún 23 nígbà tí ọlọ́pàá 11 dì í mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn Bethlem Royal ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010, ó sì kú. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú rẹ̀ sọ pé agbára tí wọ́n lò ti pọ̀ jù, ní ọdún 2018 sì ni ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Òfin náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2022, pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tó bá wá ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú ọpọlọ wọ kámẹ́rà sára bí ó bá ṣeé ṣe, kí ilé ìtọ́jú sì kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lo agbára sílẹ̀. Ẹ béèrè fídíò náà lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí pé wọn kì í tọ́jú rẹ̀ pẹ́ bí kò bá sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Ẹ pinnu ohun tí ẹ ń fẹ́ dípò ọlọ́pàá kí ẹ tó wọ ìpàdé. Láti oṣù keje ọdún 2023 ni ètò Right Care, Right Person, tí àwọn ọlọ́pàá Humberside bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, ti di àdéhùn fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá sì ń yọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìpè tó jẹ mọ́ ìlera ọpọlọ. Ó jọ ohun tí ẹ ń béèrè, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá yọwọ́ tí nọ́ọ̀sì kò sì wá, ẹni tó wà nínú ìdààmú ti dá wà nìyẹn. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn lóru, àti ibùgbé tí aláìsàn lè sá lọ láìjẹ́ pé wọ́n tì í mọ́lé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí trust, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dárúkọ SIM nínú rẹ̀, nítorí pé orúkọ lè yí padà kí iṣẹ́ má yí: iṣẹ́ tí ọlọ́pàá ń ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ béèrè.