Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Áàpù Eré Kọ́ Ọmọ Kékeré ní Ìró Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ tó ń kọ A, B, C lórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè má tíì lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ lẹ́tà ló mọ̀. Ẹ kọ "sat" síwájú rẹ̀, á ní "ẹ́ẹ̀sì, éè, tíì", ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Ìró lẹ́tà, ìyẹn phonics, ló ń mú kí "sat" jáde lẹ́nu. Lẹ́tà 26 ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ tó nǹkan bí 44, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn ní àgbọ́túngbọ́. Áàpù eré wúlò gan-an fún èyí, torí kì í rẹ fóònù láti tún ọ̀rọ̀ sọ.

Kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi etí ara yín dán áàpù náà wò. Ọ̀fẹ́ ni Khan Academy Kids àti Duolingo ABC, kò sì sí ìpolówó ọjà nínú wọn. Teach Your Monster to Read, tí Usborne Foundation ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, náà dára. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ tẹ lẹ́tà t, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí. "T" ṣókí ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́, ahọ́n á kàn kan òkè ẹnu, á sì kúrò kíá. Bó bá ń sọ "tì" tàbí "tọ̀", ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù yín. S gbọ́dọ̀ jẹ́ "sss", m "mmm", láìsí fáwẹ̀lì lẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń pe "bread" ní búrẹ́dì, "ball" ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí áàpù bá kọ́ ní "tì" á ka "sat" sí "sáàtì", bó bá sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, á fi "i" kún un.

Tẹ́ ẹ bá ti yan èyí tó dáa, ẹ ṣe é kí ọmọ má lè jáde nínú rẹ̀ bọ́ sórí YouTube. Lórí Android, ẹ wá App pinning nínú Settings, lábẹ́ Security. Lórí iPhone, Guided Access ni, lábẹ́ Accessibility.

Ẹ má fi A, B, C bẹ̀rẹ̀. S, a, t, p, i, n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́tà kékeré, kì í ṣe ńlá. Mẹ́fà yìí nìkan ti tó láti ka sat, pin, tap, nap, tin. Àwọn náà ni Jolly Phonics, ètò ìkọ́ni ní ìró lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Nàìjíríà ń lò, fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ bi olùkọ́ ọmọ yín léèrè ibi tí wọ́n dé.

Ẹ jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń tẹ ibi gbogbo títí fóònù á fi pàtẹ́wọ́ fún wọn, láìkọ́ ohunkóhun. Ẹ ní kó pe ìró náà sókè kó tó tẹ ẹ́. Lẹ́tà p gba sùúrù, torí p Yorùbá, bíi ti "pápá", yàtọ̀ sí ti "pin". Ẹ jẹ́ kó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu kó sọ "p". Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ọwọ́ rẹ̀, ó ti gbà á nìyẹn. Ẹ ní kó pe "pápá" tẹ̀ lé e, kó lè mọ̀ pé ìró méjèèjì ló wúlò, kò sí èyí tó burú.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin má ṣe lò ju wákàtí kan lọ nídìí ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n lápapọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pa fóònù, ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí ìdérí ìgò, kí ọmọ máa tò wọ́n pọ̀: s, a, t. Kó kọ́kọ́ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá fà wọ́n pọ̀ láìdánudúró: "sssaaat".

Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ to ohun tí kò nítumọ̀ rárá, bíi "tas" tàbí "nis", ẹ ní kó kà á. Bó bá kà á, kò há ọ̀rọ̀ sórí, ìró ló ń lò. Ẹ lè bọ́ sórí c, k, e, h, r, m, d. Bí kò bá kà á, ẹ dúró lórí mẹ́fà àkọ́kọ́, kódà bí áàpù bá ń pè yín síwájú.