Òrùka oòrùn 2027: àwọn àṣìṣe táá jẹ yín lówó, táá sì ba ojú jẹ́

February 6, 2027 ni òrùka oòrùn máa yọ, ìyẹn ni pé òṣùpá máa bọ́ síwájú oòrùn, etí oòrùn nìkan á ṣẹ́kù yíká bí òrùka, láti Chile àti Argentina gba orí òkun títí dé Ghana, Togo, Benin àti apá kan gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn èèyàn ti ń náwó kiri, inú ń bí mi sí bí wọ́n ṣe ń ná an.

1. Gíláàsì dúdú lásán, fíìmù x-ray, CD, omi inú bàsíà. Kò sí èyí tó ń dáàbò bo ojú nínú wọn.

2. Ayédèrú gíláàsì. Ẹ wá ISO 12312-2 lára ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà àgbáyé fún gíláàsì tí wọ́n fi ń wo oòrùn, ṣùgbọ́n oníjìbìtì náà mọ̀ ọ́n tẹ̀, torí náà ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé: tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí àga àti ògiri, ẹ gbé e jù nù.

3. Bíbọ́ gíláàsì tí òrùka bá yọ. Èyí ló ń dùn mí jù. Àwọn tó rántí March 29, 2006 á ní ṣebí wọ́n fojú lásán wò ó nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ẹ gbọ́ o, ti 2006 yẹn, òṣùpá sún mọ́ wa, ó bo oòrùn pátápátá. Ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà yí wa ká ò rí róbótó, ìgbà míì á sún mọ́ wa tó nǹkan bíi 363,000 kìlómítà, ìgbà míì á jìnnà tó 405,000, tó bá ti jìnnà báyẹn á kéré lójú wa ju oòrùn lọ, ṣóńṣó òjìji ẹ̀ ò ní balẹ̀, òkè lá ti parí, etí oòrùn á wá ṣẹ́kù yíká. Etí tó ṣẹ́kù yẹn, oòrùn gidi ni! Ilẹ̀ ò ní ṣú, kò sì sí ìṣẹ́jú kankan tẹ́ ẹ lè bọ́ gíláàsì. Ẹ̀yìn ẹyinjú ò mọ ìrora, á ti jó kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Fílítà tẹlisíkóòpù ńkọ́? Iwájú lẹ́ǹsì ló ń wà. Ní June 2020 tí òṣùpá bu oòrùn jẹ díẹ̀ níbí, bọ̀dá kan de tiẹ̀ mọ́bi tójú ń wò, ooru sán an fọ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fà á sẹ́yìn.

Ẹ má sì sanwó hòtẹ́ẹ̀lì láìwo máàpù, ẹni tí ò bá sí lójú ọ̀nà òjìji ò ní rí òrùka. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀ ló máa ṣẹlẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo lè dí i, torí náà ẹ lọ wo ibi tó ń wọ̀ sí lóṣù kejì kẹ́ ẹ tó yan ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Tí ọyẹ́ bá wà, oòrùn á pọ́n, á dà bí ẹni pé ó ti rọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ bọ́ gíláàsì náà o.