Ẹni tó ní "nǹkan kan ò ṣe mí": ojú mi rí nǹkan nídìí ripọ́ọ̀tù kọ́ọ̀tù

Fáìlì ọlọ́pàá ló fẹ́ẹ̀ yí mi lórí nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò. Kọ́ọ̀tù ní kí n wò ó bóyá ọpọlọ ẹ̀ pé tó láti jẹ́jọ́, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò ju ojú kan lọ, orúkọ àti ẹ̀sùn, ó parí. Fáìlì ńkọ́? IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ti gba tiránsífà, ẹni tó jókòó sípò ẹ̀ ní ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ní ó ti lọ sí kọ́ọ̀tù, kọ́ọ̀tù ní àwọn ò rí nǹkan kan gbà. Kabba sí Lọ́kọ́ja, Lọ́kọ́ja sí Kabba, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, àpò ara mi ni gbogbo owó ọkọ̀ ti ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà rèé níwájú mi, ó mọ ọjọ́, ó mọ orúkọ gómìnà, mo bi í pé "ṣé o máa ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò sọ?" ó ní rárá, ara òun dá ṣáká. Àwọn èèyàn rò pé ńṣe ni gbogbo ẹni tó bá dáràn máa ń ṣe bíi wèrè. Irọ́ ni! Òmíì ń fi í pamọ́ torí pé ẹ̀wọ̀n máa parí, orúkọ wèrè ò ní parí, àbúrò ẹ̀ obìnrin sì wà nílé tí wọn ò tíì fẹ́. Òmíì rèé, ohùn yẹn gan-an ló ní kò gbọdọ̀ sọ. Ẹnì kan ní kí n lo MMPI-2, ìdánwò oníbèéèrè tí wọ́n fi ń yẹ ìwà àti ọpọlọ wò, pé máàkì L àti K inú ẹ̀ máa fi ẹni tó ń fara pamọ́ hàn, òótọ́ ni, àmọ́ kò ní sọ ohun tó ń fi pamọ́, ọ̀gbẹ́ni yìí ò sì ka ìwé débẹ̀.

Ìgbà tí fáìlì jàjà jáde (lọ́yà kan ló bá mi pariwo), mo rí i nínú ọ̀rọ̀ olóúnjẹ àdúgbò pé tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó ṣẹlẹ̀ ni ọkùnrin náà kì í ti í jẹ oúnjẹ ẹ̀ mọ́, ó ní wọ́n ń fi nǹkan sí i. Mo pa ọ̀rọ̀ ohùn tì, mo bá a sọ Owé, èdè àwọn ará Kabba, a sọ ti oko kajú, mo wá bi í pé ta ló ń bu oúnjẹ fún un lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó dákẹ́. Ó ní àfi kí ẹlòmíì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kóun tó jẹ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ṣáà mú ojú le. Látibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń tú jáde.

Kíkọ ripọ́ọ̀tù ò le, ẹ ṣáà má da bó ṣe wà báyìí pọ̀ mọ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tó ṣe é, ti ọjọ́ tó ṣe é ni Section 51 Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Àríwá, ń bèèrè.

Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ fún yín, ẹ má dá ọjọ́ kankan fún kọ́ọ̀tù kí fáìlì tó wọ ọwọ́ yín. Wọ́dà tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni kẹ́ ẹ wá lọ, tọ̀sán ò rí nǹkan kan.